Ṣé èkúté ń gbọ́ èdè wa ni, àbí imú ló ń lò? Àlàyé lórí ìtọ̀, òórùn àti ìjà oògùn eku l'Ékòó

Ẹni tó bá wà nínú ẹgbẹ́ WhatsApp àdúgbò l'Ékòó, yálà ti Ìsàlẹ̀ Èkó ni o, ti Mushin tàbí ti Ṣómólú, á ti bá ọ̀rọ̀ yìí pàdé rí. Ẹnìkan á kọ ọ́ pé òun ra oògùn eku, òun fi sínú ẹja, àmọ́ eku ò tiẹ̀ bojú wò ó. Kò ní pẹ́ tí ìyá kan á fi dá a lóhùn pé, "Ṣé o ò dárúkọ ẹ̀ nígbà tó o gbé e wọlé ni? Wọ́n ti gbọ́ nìyẹn." Ẹlòmíràn á ní kàfúrà ni kó fọ́n ká. Ẹ̀kẹta á ní kó pa ọ̀kan, kó gbé òkú ẹ̀ sẹ́nu ihò, kí àwọn tó kù gbọ́ òórùn ikú kí wọ́n sì kó lọ. Kílẹ̀ tó mọ́, kálukú á ti sọ tirẹ̀ tán, eku á sì ti lu ìdí àpò gàrí.

Òótọ́ díẹ̀ wà nínú ariwo náà. Eku ń sọ̀rọ̀, wọ́n sì ń fọ̀rọ̀ ránṣẹ́ síra wọn lóru àti lọ́sàn-án. Èdè wa kọ́ ni wọ́n ń gbọ́, imú ni wọ́n fi ń gbélé ayé. Ohun tí àwọn onímọ̀ ti rí nípa bí wọ́n ṣe ń fi òórùn bára wọn lò ló máa jẹ́ ká mọ ìdí tí oògùn fi ń kùnà, àti ìdí tí àwọn elétò ìlera fi ń pariwo ìtọ̀ eku ju eyín rẹ̀ lọ.

Kí ló ń gbé ọ̀rọ̀ yìí dìde lọ́dọọdún?

Ìgbà méjì ló máa ń gbóná jù. Àkọ́kọ́ ni ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, láti nǹkan bí oṣù kọkànlá títí wọ oṣù kẹrin, tí ibà Lassa máa ń gbilẹ̀ ní Nàìjíríà, tí àjọ NCDC á sì máa gbé iye àwọn tó kó o jáde. Ondo, Ẹdó, Bauchi, Taraba àti Ebonyi ló sábà máa ń le sí jù. Ṣùgbọ́n Èkó ni ọkọ̀ ibi gbogbo ń já sí, tí wọ́n bá ti ní ẹnìkan kó o níbí, ara gbogbo wa kì í balẹ̀ mọ́.

Ìkejì ni ìgbà òjò. Bí omi bá kún gọ́tà ní Ìdúmọ̀tà tàbí Oyíngbò, omi á wọ ihò eku, wọ́n á sì gòkè wá sínú ṣọ́ọ̀bù àti yàrá. Ìdọ̀tí ọjà náà ń dá kún un. Lọ́dún 2023, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ti ọjà Mile 12 àti Owódé Onírin pa fúngbà díẹ̀ nítorí pàǹtírí, àríyànjiyàn lórí ta ló yẹ kó kó o ò sì tíì tán nílẹ̀.

Níbi tí ìbẹ̀rù bá wà, ọjà á wà níbẹ̀. Ẹ lọ wo abẹ́ bíríìjì Òjúẹ̀lẹ́gbà nírọ̀lẹ́. Oníṣòwò oògùn á to eku gbígbẹ mẹ́ta mẹ́rin sórí páálí, ìrù wọn á kọjú síta, á gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn kọ́rùn, á máa pè é: "Ẹ̀yin màmá, ẹ̀yin bọ̀dá, eku ńlá, eku kékeré, aáyán, ìdun! Tó bá ti jẹ ẹ́, ó parí. Kò ní rùn o!" Ìlérí ìkẹyìn yẹn ló ń tajà jù, òun náà ló sì jìnnà sóòótọ́ jù. Kò sí oògùn eku tó ń dí òkú lọ́wọ́ kó má jẹrà. Ẹni tí eku kú sí lórí àjà rí mọ ohun tí mò ń wí.

Eku wo gan-an là ń sọ?

Ó kéré tán, oríṣi mẹ́rin la lè bá láyìíká wa. Èyí tó síngbọnlẹ̀, tó ń gbé inú gọ́tà, tó mọ̀ ọ́n wẹ̀ dáadáa, ni àwọn onímọ̀ ń pè ní Rattus norvegicus. Èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́, tó ń rìn lórí wáyà àti àjà, ni Rattus rattus. Kékeré tó ń sáré kọjá lábẹ́ fíríìjì, èkúté ilé gangan, ni Mus musculus. Ẹ̀kẹrin ni Mastomys natalensis, tí ọmú abo rẹ̀ lè tó 24. Òun ló ń gbé fáírọ́ọ̀sì ibà Lassa kiri. Lójú lásán kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sáwọn tó kù, ìdí nìyẹn tí kò fi bọ́gbọ́n mu kéèyàn máa sọ pé "èyí tó wà nílé wa kì í ṣe ti Lassa."

Asín kò sí lára wọn. Kòkòrò ló ń jẹ ní tiẹ̀, ìdílé ẹranko mìíràn ló ti wá, ibi tí òórùn rẹ̀ burúkú ti ń jáde sì wà ní ìhà rẹ̀ méjèèjì. Òkété ní tirẹ̀ jẹ́ eku pátápátá. Ó ní ìtàn tirẹ̀ tó máa yà yín lẹ́nu, a óò débẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ìwádìí tó tẹ̀ lé e yìí, lórí èkúté ilé àti eku gọ́tà ni wọ́n ti ṣe é, nítorí àwọn ló wà nínú àgò nílé ìwádìí. Ti Mastomys kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Báwo ni ìtọ̀ ṣe lè jẹ́ ọ̀rọ̀?

Akọ èkúté tó jẹ́ olórí kì í tọ̀ sójú kan. Ó ń kán an sílẹ̀ wẹ́wẹ́ bó ṣe ń rìn lọ. Lọ́dún 1973, àwọn onímọ̀ mẹ́ta, Desjardins, Maruniak àti Bronson, tẹ́ bébà sílẹ̀ fún akọ eku, wọ́n wá fi iná ultraviolet wo bébà náà, nítorí ìtọ̀ eku máa ń tàn lábẹ́ iná yẹn. Bébà akọ tó borí nínú ìjà kún fún ẹ̀kán ìtọ̀ láti etí dé etí. Èyí tí wọ́n nà, igun díẹ̀ ló rọra tọ̀ sí, ó sì panu mọ́.

Ará Èkó kò nílò àlàyé púpọ̀ lórí ìyẹn. Nígbà tí ẹ bá rí ọ̀dà pupa lára ògiri pé "Ilé yìí kì í ṣe títà," ẹ mọ̀ pé onílé lè má sí nílé, àmọ́ ilé ní olúwa. Iṣẹ́ tí ẹ̀kán ìtọ̀ ń ṣe fún eku nìyẹn. Àlejò tó bá gbóòórùn rẹ̀ ti mọ ẹni tó ni ojúde, bóyá ara rẹ̀ le, àti bóyá ó kọjá láìpẹ́ yìí tàbí ó ti pẹ́.

Báwo ni ìtọ̀ lásán ṣe lè gbé gbogbo èyí? Oríṣiríṣi protéènì wà nínú rẹ̀ tí wọ́n ń pè lápapọ̀ ní MUP. Bí protéènì bá pọ̀ nínú ìtọ̀ tiwa, dókítà á ní ká wá yẹ kídìnrín wò. Ti èkúté kò rí bẹ́ẹ̀, ṣe ni akọ dìídì ń tú u dànù lọ́pọ̀ yanturu lójoojúmọ́. Protéènì náà ń di àwọn èròjà olóòórùn mú kí atẹ́gùn má gbé wọn lọ lẹ́ẹ̀kan, òórùn á wá máa jáde díẹ̀díẹ̀, ẹ̀kán ìtọ̀ tó ti gbẹ á ṣì máa sọ̀rọ̀. Yàtọ̀ síyẹn, bí MUP ṣe pín nínú ìtọ̀ eku inú igbó kan yàtọ̀ sí ti ẹlòmíràn. Jane Hurst, Robert Beynon àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi hàn lọ́dún 2001 pé ibẹ̀ ni eku ti ń dá ara wọn mọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, títí kan ẹni tó ni ìtọ̀ tara rẹ̀.

Lọ́dún 2010, àwọn kan náà rí MUP kan nínú ìtọ̀ akọ, wọ́n sọ ọ́ ní darcin. Abo tó bá fi imú kàn án á fẹ́ràn akọ tó ni ín. Ìyẹn nìkan kọ́: á rántí ibi tó ti bá a pàdé, á sì máa padà lọ síbẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ti gbé ìtọ̀ náà kúrò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn tí a bá dé ibi ìtọ́jú ilé.

Kò tó kí òórùn fẹ́ sí abo náà láti òkèèrè. Ó ní láti fi imú kàn án, nítorí eku ní ẹ̀yà ara kan lábẹ́ imú, lókè àjà ẹnu, tí Ludwig Jacobson, ọmọ ilẹ̀ Denmark, ṣàpèjúwe rẹ̀ lọ́dún 1813. Òun ló ń gba irú òórùn tó wúwo, tí kì í fò nínú afẹ́fẹ́. Bí ẹ bá rí eku tó ń fi imú wọ́ ilẹ̀, tí irùngbọ̀n rẹ̀ ń gbọ̀n, ó ń ka nǹkan ni.

Ìwé ìròyìn máa ń pe àwọn èròjà yìí ní pheromone, ọ̀rọ̀ tí Peter Karlson àti Martin Lüscher gbé jáde lọ́dún 1959: ohun tí ẹranko kan tú jáde láti ara rẹ̀, tó ń yí ìṣe tàbí ara ẹranko mìíràn tí wọ́n jọ jẹ́ ìran kan náà padà. Lọ́fínńdà tí wọ́n ń tà ní Balógun pẹ̀lú orúkọ yẹn jẹ́ ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn.

Ṣé lóòótọ́ ni òórùn akọ lè ba oyún jẹ́?

Bẹ́ẹ̀ ni, nínú àgò. Hilda Bruce, tó ń ṣiṣẹ́ ìwádìí ní London, ló kọ́kọ́ ṣàlàyé rẹ̀ lọ́dún 1959. Abo èkúté tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gùn, tí wọ́n bá gbé akọ àjèjì sítòsí rẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀, oyún náà lè má dúró. Kódà ibùsùn akọ náà tó ti dọ̀tí tó láti fa á. Wesley Whitten ti fi hàn ṣáájú, lọ́dún 1956, pé òórùn akọ ń mú kí ọ̀pọ̀ abo wọ ìgbà gígùn pa pọ̀. Nígbà tó yá, John Vandenbergh rí i pé òórùn akọ tó dàgbà ń mú kí abo kékeré tètè bàlágà. Ìdàkejì rẹ̀ náà wà: abo tí wọ́n kó pọ̀ sójú kan láìsí akọ, ìgbà gígùn wọn á dàrú tàbí kó dúró.

Ibi tí àwọn onímọ̀ ti ń jiyàn ni bóyá ti Bruce ń ṣẹlẹ̀ nínú igbó bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ nínú àgò. Àwọn kan ní ó ń gba abo là ni: akọ tuntun sábà máa ń pa ọmọ tó bá bá nílẹ̀, ó sàn kí oyún má dúró ju kí wọ́n bí i tán kí wọ́n pa á lọ. Àwọn mìíràn ní nínú igbó abo lè sá, kì í ṣe dandan kó jókòó gba òórùn ẹni tí kò fẹ́. Èyí kò lè ran onílé lọ́wọ́ láti dín eku kù, bó ti wù kí àwọn kan máa gbé e kiri bí àwárí tuntun. Abo eku gọ́tà ń lóyún fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó lè bí mẹ́fà sí méjìlá lẹ́ẹ̀kan, ó sì lè gùn padà lẹ́yìn tó bímọ láìpẹ́ rárá.

Kí ló dé tí oògùn eku fi sábà máa ń kùnà?

Ibí ni gbogbo ìjà wà. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látinú ikùn: eku kò lè bì. Ohun tó bá ti gbé mì, ó ti gbé e mì. Nítorí náà ìfura ni ààbò rẹ̀. Bí wọ́n bá gbé oúnjẹ tuntun sí ojú ọ̀nà eku gọ́tà, ó lè rìn yí i ká fún ọjọ́ mélòó kan kó tó tọ́ ọ wò, á sì jẹ́ ìwọ̀nba bíńtín. Bí inú bá wá rún un, kò tún ní sún mọ́ adùn yẹn mọ́. Láti àwọn ọdún 1950 ni John Garcia ní Amẹ́ríkà ti fi èyí hàn: ìgbà kan ṣoṣo tó fún eku láti kórìíra oúnjẹ tó ṣàìsàn lẹ́yìn rẹ̀, bí àìsàn náà tiẹ̀ dé lẹ́yìn wákàtí díẹ̀.

Ẹ wá wo ohun tí à ń ṣe. A ra ọ̀tápìápìá tàbí oògùn tó ń pa lójú ẹsẹ̀, a pò ó mọ́ ẹja dindin. Eku àkọ́kọ́ tọ́ ọ wò, ó jẹ díẹ̀, inú rún un, kò kú. Lọ́la a tún gbé ẹja dindin sílẹ̀. Ó kọjá lára rẹ̀. Ìyá inú WhatsApp á ní, "Mo sọ fún ẹ, ó gbọ́." Kò gbọ́ ohunkóhun. Ikùn rẹ̀ ló sọ fún un.

Ṣé ó wá lọ sọ fún àwọn yòókù? Bennett Galef ní Yunifásítì McMaster ní Kánádà lo ọ̀pọ̀ ọdún lórí ìbéèrè yìí gan-an. Ó fún eku kan ní oúnjẹ tó ní òórùn sínámọ́ọ̀nù tàbí kòkó, ó wá jẹ́ kí eku mìíràn tí kò mọ nǹkan kan fi imú gbọ́ ẹnu rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, oúnjẹ tí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jẹ ni ẹnì kejì ń yàn. Òórùn oúnjẹ nìkan kò tó. Ó ní láti bá èémí eku jáde, nítorí èròjà kan, carbon disulfide, wà nínú èémí wọn tó ń fi hàn pé ẹni alààyè kan ló jẹ nǹkan yìí. Ọdún 1988 ni wọ́n tẹ èsì ìyẹn jáde.

Apá tó ya àwọn onímọ̀ fúnra wọn lẹ́nu ni pé nígbà tí Galef mú kí eku tó jẹun náà ṣàìsàn kí èkejì tó fimú gbọ́ ẹnu rẹ̀, èkejì ṣì fẹ́ràn oúnjẹ yẹn. Kò kọ́ láti sá fún un. Èyí já irọ́ pé eku ń kìlọ̀ oògùn fún ara wọn. Ohun tí wọ́n ń gbà lẹ́nu ara wọn ni oúnjẹ tó ṣeé jẹ. Wọ́n á dúró lórí èyí tí gbogbo ilé ti mọ̀, wọ́n á sì fi tuntun sílẹ̀. Èsì méjèèjì jọra lójú onílé, ẹja olóògùn á wà níbẹ̀ láìfọwọ́kàn, àmọ́ ohun tó fà á yàtọ̀.

Nítorí ìfura yìí ni wọ́n ṣe mú warfarin wọ ọjà oògùn eku lẹ́yìn ọdún 1948. Kì í pa lójú ẹsẹ̀. Kò ní jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, eku á máa jẹ ẹ́ lọ fún ọjọ́ mélòó kan láìmọ̀ pé òun ni. Kò ju ọdún mẹ́wàá lọ, lọ́dún 1958, tí wọ́n fi rí eku tí warfarin kò ràn mọ́ ní Scotland. Wọ́n wá ṣe èyí tó le jù ú lọ, bíi bromadiolone àti brodifacoum, tí wọ́n ń fi àwọ̀ kùn. Àwọn náà léwu fún ajá, adìyẹ àti ọmọ tó ń rákò.

Ní ti Sniper àti àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ní dichlorvos nínú, oògùn kòkòrò ni, wọn ò ṣe é fún eku inú ilé rárá. NAFDAC fòfin de títà ìgò kékeré 100ml rẹ̀ lọ́dún 2019 nítorí ìpalára tó ń ṣe fáwọn èèyàn. Ẹni tó bá fi í sínú oúnjẹ lábẹ́ ibùsùn, òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ fa èéfín rẹ̀ símú.

Kàfúrà, òkú eku, ológbò: èwo ló ń lé wọn?

Òkú eku ẹ̀wẹ̀. Eku tí ẹ̀rù bá bà ń tú òórùn ìbẹ̀rù jáde lóòótọ́. Lọ́dún 2014 àwọn onímọ̀ ní Japan dárúkọ èròjà méjì tó wà nínú rẹ̀, tí ń mú kí eku mìíràn ṣọ́ra. Ṣùgbọ́n ẹni tó wà láàyè tó ń bẹ̀rù ló ń tú u jáde. Òkú tó ń jẹrà ń mú èròjà mìíràn wá, cadaverine àti putrescine, ìwádìí kan lọ́dún 1981 sì rí i pé ṣe ni eku ń wa ìdọ̀tí bo òkú náà mọ́lẹ̀. Wọn kì í kó lọ. Wọ́n tiẹ̀ lè jẹ ẹ́. Ohun tí òkú tó wà lẹ́nu ihò ń ṣe dáadáa ni pé ó ń pe eṣinṣin.

Ológbò ní ìtàn tó dùn jù. Òórùn rẹ̀ ń dẹ́rù ba eku láti ìbí, kódà eku tí kò rí ológbò rí láyé. Àmọ́ lọ́dún 2000, àwọn onímọ̀ ní Oxford rí i pé eku tó ní kòkòrò Toxoplasma lára kò sá fún ìtọ̀ ológbò bíi ti tẹ́lẹ̀. Àwọn mìíràn nínú wọn tiẹ̀ ń lọ síbẹ̀. Inú ikùn ológbò ni kòkòrò náà ti ń parí ayé rẹ̀, ó sì wá ọ̀nà débẹ̀. Ìrírí kan wá láti New York pẹ̀lú, tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 2018: wọ́n fi kámẹ́rà ṣọ́ ológbò àti eku gọ́tà ní ilé ìkó-pàǹtírí kan ní Brooklyn fún ọjọ́ 79, eku méjì péré ni àwọn ológbò pa. Eku ńlá kàn ń lúgọ ni nígbà tí ológbò bá wà ńtòsí. Fún èkúté kékeré, ológbò ṣì wúlò dé ìwọ̀n kan.

Kàfúrà, ata gbígbẹ, izal àti epo mint jọra: òórùn tuntun á dà eku láàmú lọ́jọ́ àkọ́kọ́, bí ọjọ́ ti ń lọ imú rẹ̀ á mọ́ ọn lára, pàápàá bí oúnjẹ bá wà lódìkejì. Èyí tó yẹ kí àwọn òbí mọ̀ ni pé kàfúrà tí à ń tà lọ́jà, naphthalene ni, ó sì lè fọ́ ẹ̀jẹ̀ ọmọ tí kò ní G6PD tó, ìyẹn èròjà ara tó ń dáàbò bo ẹ̀jẹ̀ pupa. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò ṣọ̀wọ́n láàárín wa. Ẹ má fi sáàárín aṣọ ìkókó nítorí eku.

Kí ló kan àìsàn nínú gbogbo èyí?

Ohun tí eku fi ń sọ̀rọ̀ gan-an ló ń gbé àrùn. Lọ́dún 1969 ni wọ́n kọ́kọ́ dá fáírọ́ọ̀sì Lassa mọ̀, lórúkọ ìlú Lassa ní Borno. Mastomys tó ní in kì í ṣàìsàn. Ó ń jẹ, ó ń bímọ, ó sì ń tọ̀ káàkiri bí ìṣe rẹ̀. Ẹ̀kán ìtọ̀ tí kò ju orí pín-ìnnì lọ lè wà lórí ṣíbí, gàrí tí wọ́n sá sẹ́bàá títì, tàbí ẹnu agolo mílíìkì. Èèyàn ń kó o látinú oúnjẹ, látọwọ́ tó fọwọ́ kan ìtọ̀ tàbí ìgbẹ́ rẹ̀, àti látinú eruku nígbà tó bá ń gbálẹ̀. Látara aláìsàn náà ló tún lè gbé e ran ẹlòmíràn. Ó ń pa mọ́ sára fún ọjọ́ 2 sí 21. Nǹkan bí ẹni mẹ́jọ nínú mẹ́wàá tó kó o kò ní mọ̀ ọ́n lára tàbí kó mọ̀ ọ́n díẹ̀. Àwọn tó kù ni ó ń le fún, ìyẹn ló ń mú wọn dé àwọn ilé ìwòsàn bíi ti Irrua àti Ọ̀wọ̀.

Ìgbà òjò ní tirẹ̀: bakitéríà Leptospira wà nínú ìtọ̀ eku gọ́tà, omi òjò á gbé e, ẹni tó ní egbò lẹ́sẹ̀ tó sì wọ inú àgbàrá láìwọ bàtà lè kó o. MUP tí a sọ lókè kò gbẹ́yìn. Òun ni ọ̀kan nínú ohun tó ń ru ikọ́ asthma sókè fáwọn ọmọdé nínú ilé tí èkúté pọ̀ sí, bí ìwádìí láti àwọn ìlú ńlá Amẹ́ríkà ti fi hàn.

Èkó ti rí i rí. Lọ́dún 1924, plague, àjàkálẹ̀ àrùn tí eku àti kòkòrò ara wọn ń gbé, wọ ìlú, ó sì ń jà títí wọ ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1930. Nítorí rẹ̀ ni ìjọba amúnisìn ṣe dá LEDB, àjọ tó ń tún ìlú ṣe, sílẹ̀ lọ́dún 1928 láti tún àdúgbò tó há gádígádí lórí Erékùṣù ṣe. Lára ohun tó yọrí sí ni bí wọ́n ṣe la Yábàá sílẹ̀ fún ilé gbígbé. Ilé ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti dúró látìgbà náà lórí ilẹ̀ tí eku ló kọ́kọ́ jẹ́ kí wọ́n wọ̀n.

Òkété ńkọ́?

Àwọn tó bá ń kọjá lójú ọ̀nà Ìkòròdú mọ òkété gẹ́gẹ́ bí ẹran tí wọ́n ń gbé sókè fún awakọ̀. Ìbátan rẹ̀ ní Ìlà Oòrùn Áfíríkà, Cricetomys ansorgei, ti di òṣìṣẹ́. Láti 1997 ni ẹgbẹ́ APOPO ti ń kọ́ wọn, wọ́n sì ń ṣe é ní Morogoro ní Tanzania. Òkété ń gbóòórùn èròjà bọ́ǹbù tí wọ́n rì mọ́lẹ̀, kò sì wúwo tó láti mú un bú. Ọ̀kan nínú wọn, Magawa, rí bọ́ǹbù àti ohun abúgbàù tó ju 100 lọ ní Cambodia. PDSA, àjọ tó ń tọ́jú ẹranko ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fún un ní ẹ̀bùn wúrà lọ́dún 2020, ó sì kú ní oṣù kìíní 2022. Àwọn mìíràn ń fimú gbọ́ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ aláìsàn láti mọ ẹni tó ní ikọ́ ife. Imú kan náà tó ń wá àpò gàrí ni.

Kí wá ni àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn ń bá ara wọn fà?

Apá kan ní kíkó pàǹtírí àti dídí ihò ni ojútùú. Ẹ̀rí wọn kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé: David E. Davis ní Johns Hopkins fi eku Baltimore ṣe é láàárín àwọn ọdún 1940, ó rí i pé bí wọ́n bá pa eku púpọ̀ láìmú oúnjẹ wọn kúrò, iye wọn á padà sí bó ṣe wà. Àyè tó ṣófo á gba àlejò, ẹ̀kán ìtọ̀ tó wà nílẹ̀ á sì júwe ọ̀nà fún un. Apá kejì, àwọn ọlọ́jà àti ọ̀pọ̀ ayálégbé, ní àwọn kò lè dúró de ìjọba kí gọ́tà tó mọ́, oògùn tí owó àwọn ká làwọn ń rà. Ẹ̀kẹta ń bínú sí gọ́ọ̀mù tí eku ń kú lórí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. England ti fi òfin dí i lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn àyàfi ẹni tó níwèé àṣẹ, níbí ó wà lórí páálí gbogbo títì.

Ní ti ilé, ohun tí gbogbo wọn fohùn ṣọ̀kan lé lórí kéré. Wọn kì í fi ọwọ̀ gbígbẹ gbá ìtọ̀ àti ìgbẹ́ eku, nítorí eruku. Ẹ da omi tí ẹ fi blíìsì sí, ìwọ̀n kan blíìsì sí mẹ́sàn-án omi, ẹ dúró ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ wọ ìbọ̀wọ́, kí ẹ wá nù ún, kí ẹ fi ọṣẹ fọ ẹsẹ̀ ògiri níbi tí epo ara wọn ti dúdú. Bí òórùn bá kúrò lónìí, eku tó kù á tún padà wá tọ̀ ọ́ lóru òní, ìdí nìyẹn tí fífọ̀ lásán kò fi tó. Èkúté ń gba ihò tí pẹ́ńsùlù lè wọ̀, eku ńlá ń gba èyí tó fẹ̀ ju ìyẹn lọ. Kànìnkànìn onírin àti sìmẹ́ńtì ló ń dí i. Nínú ilé face-me-I-face-you tí yàrá mẹ́wàá ń lo gọ́tà kan, ẹni tó dí tirẹ̀ ti rán eku lọ sọ́dọ̀ aládùúgbò rẹ̀ ni, àfi bí àwọn mẹ́sàn-án yòókù bá jọ dáwó sìmẹ́ńtì.